Ẹ̀bẹ̀ Ràmọ́nì Lórí Okùn Mẹ́ta

Ọdún 1979 ni, ní ilé tẹlifóònù Ìsẹ́yìn, níbi tí Ọmọ́bọ́lá ti ń jókòó ti pátákó oníhò, tí ó ń fi okùn so ìlú kan mọ́ èkejì. Ràmọ́nì Alápatà ló wọlé tọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, ọkùnrin tó lè kun odindi màlúù láàárín wákàtí kan ṣùgbọ́n tí kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹnu yìí náà ló fi sọ lójú àwọn àna rẹ̀ pé iyán Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ní kókó. Ní Òkè-Ògùn wa níbí, èèyàn lè bú oko ẹni, kó bú ilé ẹni, ká sì gbàgbé. Ta ló ń bú iyán obìnrin? Àwáwù kó ẹrù, ó lọ sílé baba rẹ̀ ní Ìjìó, ó sì ránṣẹ́ pé òun ò ní padà àfi kí Ràmọ́nì bẹ òun létí àwọn tó gbọ́ èébú náà, kí gbogbo wọn sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì ni wọ́n: ọ̀kan wà ní Òtù, èkejì wà ní Àgọ́-Àrẹ.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ẹ káàárọ̀, Bàbá Alápatà. Ìyàwó yín ti wà lórí ìlà.

RÀMỌ́NÌ: Orí ìlà kẹ̀? Ojú rẹ̀ ni ìlà wà. Pélé ló kọ.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ìlà tẹlifóònù ni mò ń wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń dúró. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sọ̀rọ̀, èmi á pín in dé ọ̀dọ̀ wọn.

RÀMỌ́NÌ: O ṣeun, ọmọ mi. Bàbá Àdìgún tó wà ní Òtù làgbà, àbúrò baba ìyàwó mi ni. Fún un ní orí. Kí Àsíátù ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Àgọ́-Àrẹ gba àyà. Kí Àwáwù mú ìyókù.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Orí kí ni?

RÀMỌ́NÌ: Orí ọ̀rọ̀ náà.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Bàbá, kì í ṣe ẹran. Odindi ni kálukú máa gbọ́.

RÀMỌ́NÌ: Ogún ọdún ni mo ti ń pín nǹkan fún èèyàn. Ohun tá a bá pín sí mẹ́ta kì í jẹ́ odindi mọ́.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Tí ládàánì bá pe ìrun, ṣé ẹni tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí ń gbọ́ ààbọ̀ ni?

Ràmọ́nì rò ó títí. Ó rí i pé òótọ́ ni, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá.

RÀMỌ́NÌ: Ìtìjú tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Èmi ti rò pé tá a bá pín in sí mẹ́ta, á kéré.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Odindi lòun náà máa dé ọ̀dọ̀ kálukú.

RÀMỌ́NÌ: Ẹ̀bẹ̀ kan, ìtìjú mẹ́ta. Ṣé kì í ṣe gbogbo Òkè-Ògùn ló máa gbọ́ báyìí?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Rárá o. Ẹni tí kò bá ní kí n so òun mọ́ ọn kò lè gbọ́. Àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló béèrè.

RÀMỌ́NÌ: Tí okùn Òtù bá wá ṣèèṣì yọ ńkọ́?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Kò ní yọ.

RÀMỌ́NÌ: Mo ní tó bá ṣèèṣì.

Ó yọ ẹ̀dọ̀ màlúù kan tó fi ewé wé, ó rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà. Ọmọ́bọ́lá kò tiẹ̀ wò ó.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ìyàwó yín ti sọ fún mi pé bí ẹnì kan bá yọ, òun ò ka ẹ̀bẹ̀ náà sí. Ẹ gbé ẹ̀dọ̀ yín, Bàbá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lẹ ní. Ẹ má fi kíkí jẹ ẹ́ tán o, kókó ni kẹ́ ẹ sọ.

RÀMỌ́NÌ: Kókó? Ṣebí òun ló dá ìjà sílẹ̀.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Kókó ọ̀rọ̀ ni mo ní.

RÀMỌ́NÌ: Ti iyán ni mo sọ lọ́jọ́sí, wo ibi tó gbé mi dé.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ọ̀rọ̀ tí kò bá ti ní kókó, kò dáa.

RÀMỌ́NÌ: Iyán tó bá ní in ńkọ́?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ìyẹn náà ò... Bàbá, ẹ má fi mí sí i. Ṣé ó tiẹ̀ ní kókó lóòótọ́?

RÀMỌ́NÌ: Ó ní in.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Mélòó?

RÀMỌ́NÌ: Ẹyọ kan. Kò tó èkùrọ́.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ẹyọ kan lẹ tìtorí ẹ̀ tú ilé yín ká?

Ràmọ́nì tẹjú mọ́lẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún un pé gaàrí lòun ti ń mu láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé lọ́jọ́ kan òun gbé odó kalẹ̀, òun sì gúnyán fúnra òun.

RÀMỌ́NÌ: Mo wá iyán títí láàárín kókó náà, mi ò rí i.

Ọmọ́bọ́lá pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ki okùn mẹ́ta bọ ihò mẹ́ta, ó na ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ sí i. Ó ṣàlàyé fún un pé wọ́n máa gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n etí òun ni èsì máa gbà, nítorí bí ẹnu mẹ́ta bá dá a lóhùn pọ̀, ariwo lásán ni. Ràmọ́nì bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn. Ó kí Òtù, ó béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ wọn, ó kí Àgọ́-Àrẹ, ó béèrè bí òjò ṣe rọ̀ sí. Ọmọ́bọ́lá na ìka kan sí i: ó ku ìṣẹ́jú kan.

RÀMỌ́NÌ: Àwáwù, iyán rẹ ò ní kókó. Ẹnu tèmi ló ní in. Bàbá Àdìgún ń gbọ́, Àsíátù ń gbọ́. Mo bẹ̀ ọ́, máa bọ̀ nílé.

Ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Bàbá Àdìgún ní òun ti gbọ́. Àsíátù ní òun náà ti gbọ́, ó tún ní kẹ́ ẹ tún un sọ.

RÀMỌ́NÌ: Àwáwù ńkọ́?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Kò sọ nǹkan kan.

RÀMỌ́NÌ: Àbí okùn tirẹ̀ ló yọ?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Kò yọ. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ẹ̀rù ba Ràmọ́nì gan-an. Ó dìde, ó tún jókòó.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ó ní ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí. Ó ní mọ́tò ọ̀sán lòun máa wọ̀.

Ràmọ́nì fi aṣọ nu ojú. Kì í ṣe òógùn nìkan ló nù.

RÀMỌ́NÌ: Ọmọ mi, yọ Òtù. Yọ Àgọ́-Àrẹ náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé ilé ò ṣeé wọ̀ láti ọjọ́ tó ti lọ, pé ohùn rẹ̀ ń wù mí í gbọ́, kódà bó bá ń bú mi. Òun nìkan ni kó gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ́bọ́lá di okùn méjèèjì mú. Ó sọ fún Àwáwù pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ní kọ̀rọ̀. Ó tẹ́tí, ó tẹ́tí, ó sì jọ̀wọ́ okùn méjèèjì láì yọ wọ́n.

RÀMỌ́NÌ: Kí ló wí?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ó ní tó bá jẹ́ èébú ni, kí n yọ wọ́n. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kí n so ìlú Ṣakí náà mọ́ ọn.