Bánà Ìwọ́de Ìyá Afeezat

Ṣọ́ọ̀bù tí Ephraim ti ń tẹ bánà ní Ilo-Awela, l'Ọ̀tà, ni ogun kan tí wọ́n ń jà lókè òkun ti gbóná jù. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, oníbàárà kan ò wọbẹ̀ rí kó má gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípa bọ́ǹbù. Ẹnu lásán ni ọmọkùnrin náà fi ń wó ìlú onílùú. Láàárọ̀ yìí, Àdìzát tó ń ta aṣọ ní Ṣàngó ló já wọlé, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ.

"Ephraim, kú iṣẹ́ o. Aago méjì la fẹ́ wọ́de, àwa ìyá tí ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílùú tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí yẹn. Bánà ni mo fẹ́. Kọ ọ́ sí i: Ẹ DÁ OGUN DÚRÓ!"

"Ẹ dá a dúró kẹ̀? Háà, Màmá, nígbà tí a ti ń borí! Àná nìkan, ilé mẹ́rìnlélógún la wó."

"Ta ni 'a'?"

"Àwa náà ni."

"Ìwọ wo? Àná tí mo kọjá níbí, ewúrẹ́ lò ń lé nídìí jẹnẹrétọ̀. Kò tiẹ̀ bẹ̀rù ẹ."

Ephraim wúkọ́, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà.

"Kò yé yín ni, Màmá. Ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Èmi àti Silas ṣọ́ọ̀bù kejì ò kíra mọ́ báyìí, ẹ̀yìn àwọn tọ̀hún ló wà."

"Ẹ̀yìn Afeezat ọmọ mi ni mo wà. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń pè é, kò wọlé. Ìwọ àti Silas, ta lẹ ní níbẹ̀?"

"A ò lẹ́nì kankan níbẹ̀. A kàn nífẹ̀ẹ́ sí i ni."

"Ẹ kú ìfẹ́ o. Tẹ bánà fún mi."

"Ó dáa. Ta ni alága?"

"Alága kí ni?"

"Alága ìwọ́de! Fọ́tò ẹ̀ máa wà lápá ọ̀tún, bàbá ọjọ́ lápá òsì, ìyá ọjọ́ nísàlẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Wọn kì í tẹ bánà láìsí ojú èèyàn ní Ọ̀tà, Màmá. Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bú mi?"

"Ephraim, a ní kí wọ́n dá ogun dúró ni, a ò pè wọ́n wá jẹun!"

"Ẹnì kan tó fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ wà, á gbé fọ́tò ẹ̀ wá kíá. Á tún bá yín ra omi inú ọ̀rá."

"Ṣé ó mọ ibi tí wọ́n ti ń jagun náà?"

"Ìyẹn ò pọn dandan."

Àdìzát pòṣé. Ó fa fóònù yọ, ó fi àwòrán kan hàn án: Afeezat ní pápákọ̀ òfurufú, nínú hìjáàbù tuntun, àpótí ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tó bá jẹ́ pé dandan ni fọ́tò, fi eléyìí sí i. Òun nìkan. Kó tóbi dáadáa."

Inú Ephraim dùn. Ó béèrè ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Afeezat wà láàárín òdòdó, abẹ́là méjì ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àdàbà kan ń fò lókè orí ẹ̀.

"Yéè! Ephraim! Bánà òkú lo ṣe fún ọmọ mi!"

"Màmá, ẹ má bínú! Fọ́tò ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n bá ti gbé wá síbí, bí kì í bá ṣe ọjọ́ìbí, ìsìnkú ni. Ẹ ò sì sọ pé ọjọ́ìbí ni."

"Yọ abẹ́là yẹn! Àúsù bílláhì! Ọmọ mi ò kú! Yọ ọ́, mo ní!"

Ephraim ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́là lọ, àdàbà lọ, òdòdó lọ. Ó ku orúkọ, ó ku ọdún tí wọ́n bí i, ó ku àyè kan tó ṣófo níwájú ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, àyè yẹn ò kúrò.

"Màmá... bánà ìsìnkú tó ti wà nílẹ̀ ni mo fi ṣe é, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó ní àfi kí n fi déètì kan síbẹ̀ kóun tó lè tẹ̀ ẹ́."

"Déètì kí ni?"

Ephraim ò lè wò ó lójú. "Déètì tó... tó kẹ́yìn."

Àdìzát rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Lọ bi àwọn tí ò ń tì lẹ́yìn," ó ní. "Àwọn ló ń pín déètì yẹn."