Ẹ Tọ́jú Kokoro

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kòtò oníṣìmẹ́ńtì mẹ́ta wà tí omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ìlú ń ṣàn sí, kó lè di omi mímọ́ kó tó wọ odò. Ẹnjiníà tó kọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì dé, ó sì fi ọwọ́ bo imú. Màmá Olùṣọ́, tó ń bójú tó ibẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Màmá, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ẹ káàbọ̀, Ẹnjiníà. Ó ti ń rùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Ẹnjiníà yọjú wo kòtò kejì. Omi ibẹ̀ dúdú, ìfófòó sì ga lórí rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Ó béèrè bóyá màmá rí ọ̀rọ̀ tí òun fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Màmá ní òun rí i, òun ò sì fo ẹyọ kan.

"Ṣé ẹ fún wọn ní afẹ́fẹ́?"

"Láràárọ̀ ni mo ń gbé e kọ́ sójú fèrèsé."

"Kí lẹ ń gbé kọ́? Òtútù orí òkè yìí ńkọ́?"

"Mo ti fi súwẹ́tà mi wé e. Èmi gan-an ni òtútù wá ń mú."

Màmá wọ yàrá tirẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó gbé súwẹ́tà kan jáde, ó rọra tú u. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, ó ń dán yinrin.

Ẹnjiníà nawọ́ sí kòtò.

"Màmá, kòkòrò ni mo wí. Kòkòrò tíntìntín inú omi, tó ń jẹ ẹ̀gbin. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn ńkọ́?"

"Ó dákẹ́ lọ́jọ́ kejì tí ẹ lọ. Mi ò lè lọ wò ó, kọ́kọ́rọ́ ṣì ń gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́."

Màmá na fóònù sí i. Ẹnjiníà kà á fúnra rẹ̀: "E toju kokoro. E je ki o maa ri afefe lojoojumo. E ma je ki otutu mu un. E ma da ose si koto." Kò sí àmì kan lórí ọ̀rọ̀ kankan.

"Ọṣẹ wo ló wá wà nínú omi yìí?"

"Èyí tí ẹ ní kí n máa dà. Garawa kan lójúmọ́."

"Ẹ má dà á ni mo kọ. Ọṣẹ púpọ̀ máa ń pa wọ́n."

"Níbi òtútù, mo kà á sí 'ẹ má', torí ta ló fẹ́ kí òtútù mú nǹkan? Níbi ọṣẹ, mo kà á sí 'ẹ máa', torí ta ló kórìíra ìmọ́tótó?"

"Ta ló ráyè àmì lórí fóònù, Màmá? Ẹni tó bá gbọ́n á mọ ohun tí mo ń sọ."

"Bóyá àwọn kòkòrò náà gbọ́n. Wọn ò mọ̀wé ni."

Ohùn àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ẹnjiníà bojú wẹ̀yìn, ó rí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kó tó rìnrìn àjò: "Ni owuro Satide, Enjinia yoo mu omi yii niwaju gbogbo ilu." Sátidé náà nìyí. Ìlú mẹ́ta mìíràn lórí òkè sì ti rán aṣojú wá wò ó bóyá kí wọ́n gbé iṣẹ́ tiwọn fún un.

Màmá ti bu omi kòtò kẹta sínú ife. Ó pọ́n bíi tíì, ó sì ń hó díẹ̀díẹ̀.

Ẹnjiníà yára fa bírò yọ.

"'Mú' ni mo kọ síbẹ̀, Màmá. Màá mú un dání ni, màá gbé e sókè kí wọ́n rí i. Ẹ jẹ́ kí n fi àmì sí i."

Màmá rọra gba bírò náà, ó fi ife rọ́pò rẹ̀.

"Mú ló ń gba àmì, Ẹnjiníà. Mu kì í gbà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti kọ, òun nìkan ló pé."