Dáwódù Ní Kí Wọ́n Gbé Ilé Òun Ga

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fa àga yín wá, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé pariwo. Ẹ mọ Dáwódù, àkọ́bí ilé, ẹni tó jẹ́ pé bí ikọ́ bá ń ṣe àbúrò ẹ̀, àbúrò ní láti dúró kóun kọ́kọ́ wúkọ́. Ẹbí fẹ́ gbé táǹkì omi sí ilé tí ilẹ̀ ẹ̀ bá ga jù, kí omi lè máa ṣàn dé ilé tó kù. Dáwódù ti sọ kiri pé tòun ni. Ó wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Yamáàpù, ọmọbìnrin tó ń yàwòrán ilẹ̀.

YAMÁÀPÙ: Bàbá, ẹ wò ó. Ibi tó pupa, ilẹ̀ ga níbẹ̀. Ibi tó dúdú bí aró, ó rẹlẹ̀.

DÁWÓDÙ: Ó dáa. Èwo nilé mi nínú ibi tó pupa yẹn?

YAMÁÀPÙ: Ilé àbúrò yín nìyẹn.

DÁWÓDÙ: Tèmi ni mo bi ẹ́.

YAMÁÀPÙ: Ẹ máa wálẹ̀. Ẹ ṣì máa wálẹ̀. Ẹ má tíì dúró.

(Ìka Dáwódù ń sọ̀kalẹ̀ títí ó fi fẹ́ẹ̀ jábọ́ lójú kọ̀ǹpútà.)

DÁWÓDÙ: Inú aró yìí?

YAMÁÀPÙ: Ẹ ti délé. Ẹ káàbọ̀, sà.

DÁWÓDÙ: Ta ló wọ̀n ọ́n?

YAMÁÀPÙ: Sátẹ́láìtì ni, láti òkè ọ̀run.

DÁWÓDÙ: Ṣó mọ̀ pé èmi ni àkọ́bí?

YAMÁÀPÙ: Ilẹ̀ ló wọ̀n, Bàbá, kò wọn ọjọ́ orí.

DÁWÓDÙ: Ọmọ tí mo fẹ̀yìn ara mi pọ̀n! Òun ló wá wà lókè?

YAMÁÀPÙ: Ẹ̀yin náà lẹ gbé e sókè. Kò kàn tíì sọ̀kalẹ̀ ni.

DÁWÓDÙ: Ọmọ dáadáa, bá mi gbé ilé mi ga díẹ̀.

YAMÁÀPÙ: Ilé kan ṣoṣo ò ṣeé gbé. Bọ́tìnnì tó wà níbí, gbogbo òkè ló ń nà pọ̀, kójú lè tètè rí i.

DÁWÓDÙ: Nà án bẹ́ẹ̀.

(Yamáàpù fà á. Ilé Dáwódù gbéra bí ẹni tó fẹ́ sín. Ti àbúrò di òkè ńlá.)

YAMÁÀPÙ: Ilé yín ti ga sí i, Bàbá. Ẹ kú oríire.

DÁWÓDÙ: Ti àbúrò mi ńkọ́?

YAMÁÀPÙ: Òun náà dúpẹ́.

DÁWÓDÙ: Tún fà á! Tèmi á lé e bá.

(Ó tún fà á.)

DÁWÓDÙ: Ilé àbúrò mi dà?

YAMÁÀPÙ: Ó ti kọjá ojú kọ̀ǹpútà. Ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀.

DÁWÓDÙ: Dá a padà! Kíá! Ó dáa, àwọ̀ ńkọ́? Kun tèmi ní pupa.

YAMÁÀPÙ: Ìyẹn ò le.

(Ilé Dáwódù di pupa fòò. Ó na ọrùn bí àkùkọ.)

DÁWÓDÙ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ilẹ̀ ti mọ ẹni tó ni ín. Tẹ̀ ẹ́ jáde kí n gbé e fún ẹbí.

YAMÁÀPÙ: Mo gbọ́. Àmọ́ omi ò mọ pupa. Tí táǹkì bá wà lọ́dọ̀ yín, kò ní gòkè lọ bá ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹbí ló máa gbé garawa wá sẹ́nu ọ̀nà yín, láàárọ̀, lálẹ́.

DÁWÓDÙ: Títí kan ìyàwó àbúrò mi?

YAMÁÀPÙ: Òun ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.

(Dáwódù tún máàpù wò.)

DÁWÓDÙ: Tó bá wà lókè lọ́dọ̀ àbúrò mi ńkọ́?

YAMÁÀPÙ: Omi á máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wálẹ̀ bá yín. Nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ wà yẹn, tiyín ló máa ya jáde jù.

DÁWÓDÙ: Ta lá máa gun táǹkì lọ fọ̀ ọ́?

YAMÁÀPÙ: Ẹni tó wà nílé ẹ̀ ni.

DÁWÓDÙ: Ìyẹn ni pé kóun máa fọ̀, kémi máa wẹ̀?

YAMÁÀPÙ: Ohun tí máàpù wí nìyẹn.

(Dáwódù dìde, ó gbọn aṣọ ẹ̀, ó kọrí sọ́nà.)

YAMÁÀPÙ: Bàbá, níbo? Àwọ̀ wo ni kí n tẹ̀ jáde?

DÁWÓDÙ: Dá mi padà sínú aró mi, jàre. Mo ń lọ sọ fún àbúrò mi pé mo ti fi òkè ta á lọ́rẹ. Ṣebí àgbà ló ń fún ọmọdé ní nǹkan.

(Ó jáde.)