Ambrose, Dókítà Ààrò Inú Ògiri

Ẹ bá mi kí Ambrose ọmọ Idasen, Dókítà Ààrò, abikùn-bí-àpò-kòkó, atúnná-ṣe-má-gbàgbé-ẹran. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Dókítà o. Ìyókù, àwa la fi kún un.

Ní nǹkan bí ọdún 1992, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ́lé sí Ọ̀wọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ilé ìdáná òyìnbó ni wọ́n sì ń ṣe sínú rẹ̀: kọ́bọ́ọ̀dù láti ògiri dé ògiri, ààrò oníná tí wọ́n kì bọ àárín rẹ̀ bí ẹni kì òkú bọ pósí. Ó máa ń dùn ún wò, bí kò bá tíì bàjẹ́. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ dé. Kì í ṣe sítóòfù tí èèyàn lè dojú rẹ̀ dé kó sì gbọ̀n ọ́n. Ìdè rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ kò tó, eku ti bímọ sẹ́yìn rẹ̀, iná tó ń wá tó ń lọ ti jó wáyà rẹ̀, ohun tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ sì di Èkó.

Láti Ọ̀wọ̀ títí dé Imeri, Ambrose nìkan ló mọ̀ ọ́n tún ṣe. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ ni kò mọ ìwọ̀n.

Ẹ̀wù funfun bíi ti dókítà ọsibítù ló máa ń wọ̀. Bó bá ti wọlé, á gbé etí lé ilẹ̀kùn ààrò, á na ìka sókè.

"Ẹ dákẹ́ ná. Ó ṣì ń mí."

Bó bá wá tún un ṣe tán, á ní, "Ó ku ìdánwò. Ẹ gbé adìyẹ wá."

Wọ́n á gbé e wá. Adìyẹ á yan, òróró á máa kán, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, àwọn ọmọ á máa dá itọ́ mì. Ìgbà náà ni Dókítà á wá mi orí tìkanratìkanra.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Èémí irin ti wọ inú rẹ̀. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú ààrò tí a tún ṣe, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ikùn onítọ̀hún á wú."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Dókítà?"

"Èmi ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ l'Ékòó."

Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbé adìyẹ lọ. Veronica, ìyàwó olùkọ́ àgbà, gbé àkùkọ ọdún Àjíǹde rẹ̀ lé e lọ́wọ́ báyìí, ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé ó gba àwọn lọ́wọ́ ikú. Àmọ́ ẹni tó bá fún ọ̀bọ ní èso kó máa múra láti fún un ní eèpo igi rẹ̀. Kò pẹ́ tí adìyẹ fi kéré lójú Ambrose. Ó ní ààrò ńlá ń fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, ó sì gba ti ìyàwó katikísì ìjọ.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá Theresa nìyẹn, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá Kátólíìkì fẹ́ ṣèpàdé nílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ààrò sì kú láàárọ̀. Màmá ti ra tòlótòló kan ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tí yóò fi ṣe wọ́n lálejò. Tòlótòló yìí ni Ambrose kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó yẹ ààrò wò.

"Màmá, ààrò yín tóbi. Ohun tó wà nílẹ̀ yìí nìkan ló lè dán an wò."

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé jẹ, ẹ̀yìnkùlé la máa sin ín sí, lójú mi. Májèlé kankan kò gbọdọ̀ ti ilé mi jáde."

"Sin ín kẹ̀?" ni Ambrose ké. "Tòlótòló tí a fi bọ́tà pa lára?"

Màmá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó. Ambrose ní kó ti ilẹ̀kùn nítorí èémí irin. Ó tì í, ó sì tún jókòó síbẹ̀.

Ambrose ti fa ààrò jáde sórí tábìlì, ó sì ti tún un ṣe. Tòlótòló yan, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ibo ni yóò gbé e gbà? Ó wo ihò tí ààrò fi sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó kọ́lé ti lu ògiri ibẹ̀ já sí yàrá ìkóúnjẹ-sí bíi fèrèsé kékeré kí ooru ààrò lè máa gba ibẹ̀ jáde, yàrá náà sì ní ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìnkùlé. Ọgbọ́n dé! Yóò gbé tòlótòló jáde níbẹ̀, yóò padà wá, yóò ní agbára iná ti sọ ọ́ di èéfín.

Ó ti tòlótòló ṣíwájú. Ó tẹ̀ lé e. Orí kọjá. Àyà kọjá tipátipá. Ó ku ikùn, gbogbo àkùkọ Ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀.

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Tòlótòló dojú kọ ọ́, imú sí ẹran. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ó ṣe? Ambrose gé itan rẹ̀ jẹ.

Ìgbà náà ni àwọn ìyá ìjọ dé. Màmá ṣí ilẹ̀kùn. Kò rí tòlótòló. Ẹsẹ̀ méjì àti ìdí ńlá kan ló rí, tí wọ́n yọ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tó yẹ kí ààrò wà.

"Ambrose! Kí lò ń ṣe nínú ògiri mi?"

"Mmò ń... mmò ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, Màmá!" Ẹnu rẹ̀ kún.

Veronica, tó wà lára wọn, sáré gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá ìkóúnjẹ-sí. Orí Dókítà ló bá níbẹ̀, egungun itan lẹ́nu.

"Ẹ gbà wá o! Dókítà ti jẹ ẹ́! Ikùn rẹ̀ ti wú! Ó ti wú dí ògiri!"

Tọkàntọkàn ló fi ń pariwo. Màmá Theresa fi eyín há ètè, ó pa ẹ̀rín mọ́ra. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn nọ́ọ̀sì ló fi sọ ọ́.

"Ẹ má bẹ̀rù. Ikùn tó bá wú, ẹ̀nímà, omi tí à ń fi rọ́bà fún sí ìdí, ni oògùn rẹ̀. Ẹ po omi ọṣẹ. Ẹ mú rọ́bà pupa inú àpótí mi wá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ibi tí a nílò gan-an ló kù sọ́dọ̀ wa níhìn-ín."

"Màmá, mo ti gba abẹ́rẹ́!"

"Ó jọ pé kò ṣiṣẹ́."

Ambrose gbọ́ tí omi ń dà sínú báàkẹ́tì. Ó gbọ́ tí wọ́n ń po ọṣẹ. Ọwọ́ tútù kan kan bẹ́líìtì rẹ̀.

"Kò sí èémí irin o!" Igbe rẹ̀ dé títì. "Irọ́ ni! Kò sí nǹkan kan! Ẹran ló wù mí jẹ!"

Veronica kúnlẹ̀ síwájú orí náà.

"Àkùkọ ọdún Àjíǹde mi ńkọ́?"

"Ó dùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Pẹ́pẹ́yẹ ìyàwó katikísì ńkọ́?"

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Àwọn ìyá mìíràn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gèlè ń já bọ́. Wọ́n gé tòlótòló, wọ́n yí orí Ambrose ká, wọ́n ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, wọ́n sì ń na ikùn hàn án: "Wò ó, kò wú!" Màmá tọ́ ọ wò, ó ní, "Òótọ́ kúkú ni, o mọ ààrò tún ṣe."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fàsásì káfíńtà. Ó gbé ayùn dé, ó wo iwájú, ó lọ wo ẹ̀yìn.

"Màmá, èwo ni kí n gé nínú méjèèjì?"

"Rora o. Ítálì ni wọ́n ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wá."

Ambrose bú sẹ́kún. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n da epo pupa sí i lára yíká, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n fà á. Pọ̀ọ́! Ó já bọ́ sórí ilẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Igbe rẹ̀ ti pe gbogbo àdúgbò jọ sẹ́nu géètì. Àárín wọn ló gbà kọjá, ẹ̀wù dókítà ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, epo ń kán láti àgbọ̀n dé orúnkún, ó fi àpò irinṣẹ́ bo iwájú, kò sì rí ohun tí yóò fi bo ẹ̀yìn. Ó nawọ́ sí ọlọ́kadà kan. Ọlọ́kadà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Dókítà," ló wí, "ṣé ẹ ti jinná ni, àbí wọ́n ṣì ń bọ̀ wá dá yín padà sínú ààrò?"