Awò Ojú Tí Olúwakóredé Fẹ́ Wọ̀ Lọ sí Biétry

Àjíkẹ́ ti pẹ́ nídìí awò ojú títà ní ọjà Adjamé Roxy, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú bí oníbàárà tó fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 2010, irú wọn kan dé: Olúwakóredé, ọmọ ìjọ wọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tó mọ gbogbo nǹkan tán àfi ohun tó wá rà. Lọ́la ni yóò lọ fojú han alàgbà ìjọ kan ní àdúgbò Biétry, bàbá Noémie, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́.

Ó mú awò onírin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó yọ ṣùtì sí i.

"Tantie, ta ló ṣì ń wọ èyí? Démodé ni."

"Lọ́dún quatre-vingt-dix-neuf, ní 1999 yẹn, àwọn bí ìwọ ń jà lé e lórí níbí."

"Èyí ni mo fẹ́." Ó nawọ́ sí awò dúdú kan tí férémù rẹ̀ nípọn. "Ìgbàlódé lèyí. Paris ló ti ń bọ̀. Àwọn intellectuel ló ń wọ̀ ọ́."

"Bàbá mi ló wọ irú rẹ̀ ya fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Nígbà tí onírin dé, ẹ ní awò arúgbó ni, mo bá kó o sínú páálí, eku ń sùn lórí ẹ̀. Ẹ̀yin kan náà lẹ tún ń wá a kiri báyìí."

"Ti bàbá yín yàtọ̀. Tuntun lèyí."

"Inú páálí yẹn ni mo ti mú un láàárọ̀ yìí."

Olúwakóredé fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e sójú, ó yára yọ ọ́.

"Òyì ń kọ́ mi. Ẹ bá mi yọ gíláàsì inú ẹ̀."

"Kí o wá máa fi kí ni wòran?"

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Kí bàbá Noémie ṣáà mọ̀ pé mo kàwé ni."

Àjíkẹ́ yọ gíláàsì méjèèjì, ó dá awò padà sí i lójú, ó ti ìka bọ inú férémù, ó fi kàn án ní ìpéǹpéjú.

"Ìwé tí o kà rèé."

"Bàbá ò lè rí ìyẹn. Noémie ní wọ́n jókòó lé awò tiwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti fọ́."

Àjíkẹ́ dáwọ́ dúró. "Ṣebí alàgbà ni wọ́n? Wọ́n á ka Bíbélì kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu rẹ?"

"Wọn kì í fi ṣeré."

"Ó dáa. Wọ́n á ṣí Bíbélì, wọ́n á wo ojú rẹ, wọ́n á nawọ́: 'Ọmọ mi, yá mi ní awò yẹn kí n fi ka ẹsẹ kan.' Bí àwọn àgbà ìjọ wa ṣe ń yá ara wọn nìyẹn. Ṣé wàá ní o ò yá wọn ni?"

Olúwakóredé yọ awò náà lójú. Tó bá kọ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni; tó bá yá wọn, òpùrọ́ ni, Noémie sì lọ nìyẹn. Ó ronú títí, ọgbọ́n rẹ̀ dé, ó na awò náà sí Àjíkẹ́.

"Tantie, ẹ fi gíláàsì tó bá ojú àgbàlagbà mu sí i. Tí òyì bá ń kọ́ mi, màá dijú. Wọ́n á rò pé àdúrà ni mò ń gbà."

Àjíkẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu, ó wá gíláàsì àgbàlagbà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bọ inú férémù.

"Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù," ó ní. "Tí bàbá bá ti gbé e sójú, wọ́n á rí ẹni tó ń tọrọ ọmọ wọn kedere."