Oyún Ìsmáílà

Ẹjọ́ oyún ló kó wa jọ sí iwájú Baálẹ̀ ní Jójú lánàá. Hàlímọ̀tù, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ló pe Cornelius lẹ́jọ́. Akọ̀wé ni Cornelius ní ilé ìwòsàn kan tó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì méjì ní Ṣàngó. Òun ló ń fi nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní kóòdù sí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí ìnṣọ́ránsì lè sanwó rẹ̀.

"Baba, ọmọ dábùú sí mi níkùn," ni Hàlímọ̀tù wí. "Nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe síkáànì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ni. Cornelius kọ̀."

"Kí ló dé?"

"Ó ní èmi kọ́ ni mo lóyún. Ó ní ọkọ mi ni."

Gbogbo ojú yí sí Ìsmáílà ọkọ rẹ̀. Ó fa ẹ̀wù bo ikùn.

Cornelius dọ̀bálẹ̀. "Baba, káàdì ìnṣọ́ránsì Ìsmáílà ni wọ́n mú wá nígbà síkáànì àkọ́kọ́. Mo fi kóòdù aboyún sí i. Kóòdù náà péye. Orúkọ ẹni tó ni káàdì ló bá a lọ."

"Ṣé o ò rí ikùn obìnrin yìí ni?" Ìyálóde Ẹfúnróyè bi í.

"Mo rí i, Mà. Kọ̀ǹpútà ni ò rí i."

"Ṣebí o lọ yunifásítì?"

"Mo lọ méjì, Mà."

Baálẹ̀ ní, "Kí ni ọ̀nà àbáyọ?"

"Oyún kan ṣoṣo ni ìnṣọ́ránsì ń sanwó fún lórí káàdì kan. Kí Ìsmáílà kọ́kọ́ bí tiẹ̀, Baba. Tó bá ti bí, àyè á ṣí sílẹ̀ fún ìyàwó."

Ẹ̀rín gba ilé kan. Hàlímọ̀tù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ò mọ nǹkan kan o, Baba," ni Ìsmáílà sọ. "Àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa oyún yìí."

Fàlílù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀rá ní Ìgbẹ́sà, fò dìde. "Irọ́ ni! Látìgbà tí ìnṣọ́ránsì ti kọ̀wé sí ọ̀gá wa, kò gbé ẹrù mọ́. Wọ́n gbé àga fún un. Èmi ni mò ń gbé tèmi, tí mò ń gbé tiẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí!"

"O ní ó wú ni. O ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn lóṣù kẹjọ!"

Baálẹ̀ kọjú sí akọ̀wé. "Cornelius, ta ló fún Ìsmáílà lóyún?"

"Baba?"

"Ìyàwó rẹ̀ kọ́. Èmi kọ́. Ọwọ́ ta ló fi oyún sí i?"

"Ọwọ́... tèmi, Baba."

"Ó tán. Ìwọ lo fún un lóyún, mú un lọ sílé rẹ. Máa pọnmi fún un, máa fọṣọ rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé aboyún, kí ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ pàtẹ́wọ́, kí ẹ jọ jó. Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá kọjá tí a ò rí ọmọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sọ ibi tí ẹ gbé e sí fún ọlọ́pàá."

Òógùn bo Cornelius. "Baba, ó jọ pé kóòdù yẹn ṣeé yí padà."

"Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí."

"Síkáànì obìnrin yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe."

Hàlímọ̀tù àti Cornelius wọ mọ́tò Baálẹ̀. Ìsmáílà náà dìde, ó fẹ́ tẹ̀ lé wọn.

"Jókòó," ni Baálẹ̀ wí. "Títí wọn á fi yí i padà, aboyún ṣì ni ọ́. Ìyálóde, ẹ bu àgbo aboyún fún un. Èyí tó korò jù."