Ẹṣin Òkun Dókítà Ògúnjìmí

Ẹ bá mi kí Dókítà Ògúnjìmí, Àgbà-ìmọ̀-tí-ò-níwèé, ẹni tí kò tẹ yunifásítì rí àfi ọjọ́ tó tẹ̀ lé àbúrò ẹ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí. Kóòtù funfun tó ń wọ̀, òkìrìkà ọjà Aswani ni. Wọ́n kọ "Jennifer" sí i láyà. Bí èèyàn bá béèrè, á ní oyè tí wọ́n fi dá òun lọ́lá lókè òkun ni.

Ẹṣin òkun ló ń tà lọ́jà Bọ́ládé, ẹja tínńtín gbígbẹ kan tó lórí bí ẹṣin, tírù ẹ̀ ká. Ó ní obìnrin tó bá lọ̀ ọ́ mu, kò ní pẹ́ lóyún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Babáfẹ́mi fa Adéjùmọ̀kẹ́, ìyàwó ọmọ ẹ̀, wá. Ọdún méje ló ti wà nílé ọkọ láìbímọ. Àgbo tí ìyá ọkọ gbé fún un kẹ́yìn dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní báyìí, kọ́ọ̀pù ẹṣin òkun lílọ̀ tí Dókítà pò fún un ló dì mú. Àánú ẹ̀ ṣe mí, ẹ jẹ́ n sòótọ́.

Dókítà gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. "Àgbà kì í wà ní Bọ́ládé kí inú obìnrin ṣófo! Ẹ wo ẹṣin òkun yìí. Ẹ rí ikùn ẹ̀ rògòdò? Abo ni, ìyá ọlọ́mọ yọyọ. Nínú akọ àti abo wọn, èyí tó bá ń gboyún, irú ẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ mu ún nínú ilé. Tó bá jẹ́ akọ ló ń lóyún ni, ọkọ là bá fún mu!"

Ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín.

Àǹtí Títí, tíṣà báọ́lọ́jì kan ní Ìsọlọ̀ tó ń dúró de ọkọ̀, sún mọ́ wọn. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, akọ lẹ dì mú yẹn."

"Akọ tó lóyún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Abo á yé ẹyin ẹ̀ sínú àpò tó wà níkùn akọ, á bá tiẹ̀ lọ. Akọ ló máa gbé oyún, òun náà ló máa rọbí." Ó fi fídíò hàn wọ́n lórí fóònù. Ikùn akọ ẹṣin òkun ń súnkì, ọmọ wẹ́wẹ́ ń tú yàà jáde.

Teslim tó ń ta bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Ọkùnrin sì lẹ̀yin náà. Ẹ mu ún ká rí i."

"Èmi? Ohun tí mo fi ọta-piapia rẹ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Ó ti gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun. Gbogbo Bọ́ládé ló gbọ́.

Adéjùmọ̀kẹ́ da ohun tó wà nínú kọ́ọ̀pù náà sí Dókítà láyà, ó rọra gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Kí Dókítà tó ní òun fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ti bọ́ kóòtù lọ́rùn ẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi sá gba títì kọjá, àwọn ọlọ́jà ń hó lé e lórí.

Ìyá Babáfẹ́mi ò bá wọn hó. Kò wo ojú ìyàwó. Ó yọ fóònù ẹ̀, ó pe ọkọ Adéjùmọ̀kẹ́.

"Babáfẹ́mi, múra. Ọsibítù là ń lọ. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò."